Òǹwòran Tí Kò Lè Jókòó

Òde ìnáwó ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin. Níbẹ̀, ẹni tó bá jókòó tí orin ń lọ, bí ẹsẹ̀ kò bá máa dùn ún, á jẹ́ pé kò sówó lápò rẹ̀. Onígángan á pe orúkọ rẹ, á pe ti bàbá rẹ, ìwọ náà á dìde, wàá jó débẹ̀, wàá lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wọ Èkó nìyẹn, òun ló sì ń kó ìtìjú bá mi níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣeré ní ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti New Afrika Shrine ní Agídíngbì, Ìkẹjà, ilé orin tí Fẹ́mi Kútì àti Yẹni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ní ọdún 2000, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Fẹlá bàbá wọn kú. Agbádá léèsì ni mo wọ̀ lọ. Àwọn tó kù wọ ṣòkòtò penpe àti sálúbàtà. Ọmọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà bi mí bóyá ìyàwó ni mò ń gbé.

Mo jókòó. Ẹgbẹ́ olórin kan wà lórí pèpéle: gìtá ń sọ ohun kan náà lásọtúnsọ, ìlù ń dá a lóhùn, àwọn afọnfèrè wọlé, wọ́n tún dákẹ́. N kò gbọ́ orin lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo bá yíjú sí àwọn tó jókòó tì mí, mo fi ohùn ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ṣì ń dán ohun èlò wò. Ọ̀dọ́mọdé kan wò mí tàánú-tàánú. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dé ìdajì orin.”

Afrobeat nìyẹn. Nínú àwo Fẹlá, orin kan lè gba odindi ojú àwo kan, kí gìtá, ìlù àti fèrè sì ti sọ tiwọn tipẹ́ kí ó tó la ẹnu. Ibo ni n ó ti mọ̀ ọ́n? Bàbá mi kò jẹ́ kí Fẹlá wọ ilé wa. Obey àti Sunny Ade ni tiwa, ó ní orin àwọn amugbó ni èyí tó kù.

Mo fẹ́ fi owó wá nǹkan ṣe sí ìtìjú náà. Mo jó lọ bá ẹni tó ń fọn saxophone létí pèpéle. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, orí yẹn sì ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Mo na ₦200, mo lẹ̀ ẹ́. Orí ti kúrò níbẹ̀. Owó náà yí bírí, ó sì wọ ẹnu fèrè lọ ráúráú. Ohùn òkè ṣì ń dún geere, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, fèrè á wúkọ́ bí ewúrẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà kò dá orin dúró. Ó dorí fèrè kodò, ó mì í, ₦200 jábọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í padà sọ́dọ̀ mi. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ọlọ́pàá nítòsí, nítorí òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka owó níná lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ìtanràn tí kò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Lórí ₦200!

Ẹni tó gbọ́n ì bá jókòó sílé. Èmi tún gba Freedom Park lọ, ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó ni tẹ́lẹ̀; ọdún 2010, tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ẹnì kan sọ fún mi pé ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni pèpéle wà báyìí. Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ijó òde òní ni wọ́n ń jó, irú èyí tí kò ní orin tí èèyàn lè bá wọn gbè. Ọmọbìnrin kan jáde nínú aṣọ funfun, ó gbọ̀n, ó tàkìtì, ó ṣubú gbì. Kò mira. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn èèyàn jókòó tẹtẹrẹ, àwọn mìíràn ń ya fọ́tò. Irú ìwà ìkà wo nìyí? Mo gbá ike omi mi mú, ó di orí pèpéle. “Ẹ gbà wá o! Ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ fún un láàyè!” Mo ti da omi sí i lójú kí ó tó la ẹyọ kan, tó sọ̀rọ̀ láìmi ètè:

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó. Mo ṣì máa tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Omi tí mo dà kò dùn mí tó “Dádì” yẹn. Ní Ìkẹjà, ẹ̀gbọ́n ṣì ni mí.

Felabration, àjọ̀dún ìrántí Fẹlá tí Yẹni Kútì dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, ń wáyé ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, nígbà ọjọ́ ìbí Fẹlá. Ẹ wá. Ẹ jẹun sílé, ẹ wọ bàtà tó rọrùn, kí ẹ sì fara balẹ̀ fún gìtá. Ẹni tó bá fẹ́ fún olórin lówó, kó san án lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá sì ń ta omi inú ike, mo bẹ̀ ẹ́, kó má tà á fún mi.