Àkísà Ọ̀gá Injiníà

Ẹ ó bá Ọ̀gá Injiníà ní Mówè, ẹ ó bá a ní Ìbàfò. Bí ẹ bá sì rò pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dé Ifọ̀ ṣáájú yín. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀ ju ilé adìyẹ lọ, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́nu ọ̀nà.

Oògùn kan ṣoṣo ló mọ̀: kó fọ́ọ̀mátì láptọ́ọ̀pù olóhun, kó sì fi Windows 7 sí i. Ó ń gbóná? Windows 7. Ó ń lọ́ra? Windows 7. Kíbọ́ọ̀dù ò tẹ “A” mọ́? Windows 7. Bí inú bá ń run ọmọ yín, ẹ má gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ẹ bi í pé kí ló dé. “Windows 11 ti wúwo jù, Mọ́mì. Èyí fúyẹ́.” Fúyẹ́! Ọ̀rọ̀ tó fi ń jẹun nìyẹn. Á gbé láptọ́ọ̀pù náà sókè sódò bí ẹni ń ra iṣu lọ́jà, kí ẹ lè rí i pé ó fúyẹ́. Ó kúkú fúyẹ́: fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ yunifásítì, ó ti gbọn gbogbo rẹ̀ dànù.

Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 7 láti oṣù kìíní ọdún 2020. Ihò tí olè bá rí lára rẹ̀ lónìí, kò sẹ́ni tí yóò dí i. Chrome gan-an ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní 2023. Ọ̀gá mọ̀. Ó mọ̀, ó sì dákẹ́, torí ọjọ́ tó bá gbà pé Windows 7 ti kú, ọjọ́ náà lòun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ di ẹgbẹ́. Kí n kúkú là á mọ́lẹ̀: ìmọ̀ tó dúró sójú kan láti 2009 tí Windows 7 jáde kì í ṣe ìrírí mọ́, agídí ni.

Ọmọ iṣẹ́ náà ò kúkú sàn. Microsoft ní RAM 4GB ló kéré jù fún Windows 11. Òun ń fi ọgbọ́n àyínìke ki Windows 11 bọnú ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù tó ní 2GB, torí pé ojú Windows náà ń dán. Láptọ́ọ̀pù á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀gá á ti ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín: “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.”

Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ wọ àkísà yín fúnra yín. Ẹ má fi wọ láptọ́ọ̀pù wa.