Àkísà Àgbà Lọ́rùn Ọmọdé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ tuntun ṣeé rà lọ́jọ́ kan bí owó bá wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọdún, òógùn, ìfọ̀ àti ìyà ló ń sọ aṣọ di àkísà, ìdí nìyí tí àkísà inú àpótí àgbà fi jẹ́ ẹ̀rí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, tí kò sì sí ọjà tí ọmọdé ti lè rà á. Àwọn tó pa òwe náà kò rò ó dé ibi tí ayé dé lónìí. Ní Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Gun sì ń pè ní Hogbonu, àkísà ti di ọjà tó ní iye owó. Ọmọ ogún ọdún lè jáde nílé láàárọ̀ kó sì padà dé lọ́sàn-án pẹ̀lú àkísà tí àgbàlagbà kan ní Hamburg tàbí Brussels fi ọdún méje lò gbó, kó sì máa yangàn pé òun ra nǹkan.

Àkísà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni kọ̀ǹpútà géèmù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ ju ti ọ́fíìsì lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ géèmù òde òní ń fẹ́ kí ẹ̀rọ ya àwòrán tuntun ní ìgbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó dùn ún wò. Iṣẹ́ yíya àwòrán yìí wà lọ́wọ́ káàdì àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní GPU. Ìṣirò yòókù wà lọ́wọ́ CPU, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ. RAM ni ibi tí ọpọlọ náà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Àpótí iná, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Àjàṣẹ́ ń pè ní alimentation, ló sì ń gba iná láti ara ògiri, tó sì ń pín in fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò, ó sì lè ra ẹ̀yà ara rẹ̀ ní tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan kó wá tò wọ́n pọ̀. Lórí ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti pín sí ìjọ méjì, ìjọ kọ̀ọ̀kan sì gbà pé òmùgọ̀ ni èkejì.

Ìjọ àwọn alálòkù ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń fi ọkàn ara wọn balẹ̀: «venu de France», ọjà tó ti ilẹ̀ Faransé dé. Iṣẹ́ tí «tòkunbọ̀» ń ṣe fún àwọn ará Èkó ni gbólóhùn yìí ń ṣe ní Benin, ó sì ń bo ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ náà kò fojú kan Faransé rí. Pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀ ló sábà máa ń tú àṣírí. Èyí tí lẹ́tà Z rẹ̀ wà láàárín T àti U, Jámánì ló ti wá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q àti W, tí okùn iná rẹ̀ sì ní irin pẹlẹbẹ mẹ́ta tí kò wọ ojú iná Benin, ọjà Computer Village ní Ikeja ló ti gbéra, tó gba ẹnubodè Sèmè tàbí Igolo wọlé. Ọmọ Àjàṣẹ́ tí ilé ìwé fi pátákó AZERTY ti Faransé kọ́, tí A àti Z ṣíwájú, yóò sì máa wá lẹ́tà A kiri títí ọ̀tá inú géèmù yóò fi pa á.

Ìjọ àwọn onítuntun ní òwe tiwọn: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe náà dára. Àléébù kan ṣoṣo tó ní nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tó ń pa á kì í sábà mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ara wọn.

Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ kọ́ ni àkísà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lágbàáyé, Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì tẹ́wọ́ gba púpọ̀ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe ṣáájú ìran kẹjọ, èyí tó jáde ní 2017. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì lè kó kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ ṣì le koko síta, tí kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà ju pé ẹni tó ni ètò ní ó tó àkókò láti ra òmíràn. Aṣọ tó ṣì bójú mu ni irú èyí, àṣà ló kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkísà tòótọ́ wà láàárín ẹrù kan náà. Àdéhùn Bamako ti ọdún 1991, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi ti àdéhùn Basel ti 1989 lẹ́yìn, ka kíkó ìdọ̀tí olóró wọ Áfíríkà léèwọ̀, àmọ́ ìwé àdéhùn kì í tan ẹ̀rọ wò ní èbúté. Ìwádìí tí ọ́fíìsì àdéhùn Basel gbé jáde lórí orílẹ̀-èdè márùn-ún ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Benin wà lára wọn, fi hàn pé nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹ̀rọ àlòkù tó wọ Ghana ní 2009 ni kò ṣiṣẹ́.

Èyí tó burú jù ni àkísà tí wọ́n lọ̀ tó sì ń dán. Ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn kan ń to káàdì àwòrán jọ rẹpẹtẹ láti fi wa Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò fún tọ̀sántòru kó tó mú èrè wá; lọ́jọ́ náà ni Ethereum yí ètò rẹ̀ padà, tí kò nílò káàdì mọ́, tí àwọn káàdì náà sì ń wá olówó tuntun kiri. Káàdì bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mìíràn bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín bá tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ ti sáré púpọ̀, ìpara tó ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀ ti lè gbẹ, ẹni tó ń tà á yóò sì sọ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ló fi ń tẹ lẹ́tà ní ọjọ́ Sunday nìkan. Ẹ̀tàn kan tún ju ìyẹn lọ. Àwọn oníjìbìtì a mú káàdì GTX 550 Ti ti ọdún 2011, wọn a yí orúkọ inú rẹ̀ padà kó lè máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti ti ọdún 2016. Kọ̀ǹpútà a gbà á gbọ́, olùrà a gbà á gbọ́, géèmù nìkan ni kì í gbà á gbọ́. Ètò ọ̀fẹ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ GPU-Z, tó máa ń kọ FAKE sí iwájú orúkọ irú káàdì bẹ́ẹ̀. Olùrà tó lè fi gbogbo òru wa fíìmù sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rí ìṣẹ́jú méjì tí yóò fi wa ètò yìí.

Ó yẹ kí èyí dá ìjọ àwọn onítuntun láre, bí kò bá sí ọ̀rọ̀ owó. Káàdì RTX 4060, tí kì í ṣe olórí nínú ìran rẹ̀, jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ní dọ́là 299. Nǹkan bí ẹgbẹ̀ta fráǹkì CFA ni wọ́n ń pa dọ́là kan nígbà náà, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Benin fọwọ́ sí láti oṣù Kìíní ọdún kan náà sì jẹ́ 52,000 fráǹkì; ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ tó ń gba owó yẹn yóò fi ohun tó lé ní owó oṣù mẹ́ta ra káàdì nìkan, láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé, kí wọ́n tó ka owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè ẹni tó gbé e wọlé. RAM tí àwọn ènìyàn ti ń fojú kéré náà gbówó lórí ní ìparí ọdún 2025, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ẹ̀rọ aláròjinlẹ̀ ti ń rà á mọ́ aráyé lọ́wọ́.

Níbi tí owó ti ń tán yìí ni òwe àgbà ti ń bá ọmọdé. Ẹni tó ń to ẹ̀rọ tuntun kì í dín owó káàdì kù, nítorí pé orúkọ káàdì ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò béèrè. Kì í dín owó àpótí onígíláàsì kù, nítorí pé iná aláwọ̀ méje inú rẹ̀ ni yóò hàn nínú fọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin etí ọ̀sà yóò bo ojú gíláàsì náà kó tó pé ọdún. Àpótí iná, tí ẹnikẹ́ni kì í rí, ni ó máa ń dín owó rẹ̀ kù. Yóò ra èyí tí wọ́n kọ wáàtì 600 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò ní orúkọ, tó fúyẹ́ lọ́wọ́ lọ́nà tó yẹ kó ba àgbà lẹ́rù. Iná fóltì 220 tí SBEE, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Benin, ń pín a máa relẹ̀ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan fáànù àti fíríìjì lálẹ́, a sì lè fò sókè nígbà tó bá lọ tó sì tún dé. Àpótí iná tó dára a gba ìyà náà mọ́ra, tàbí kó kú nìkan, àmọ́ èyí tí kò dára a kú pẹ̀lú káàdì tó jẹ́ owó oṣù mẹ́ta. Ọmọdé náà ní aṣọ tó àgbà lóòótọ́. Àkísà tí ì bá kọ́ ọ pé àpótí iná ni kí ó kọ́kọ́ ra ni kò ní.

Àṣìṣe kan náà ń dúró de alálòkù ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bí Dell OptiPlex, tó wọ́pọ̀ lára àlòkù, sábà máa ń ní àpótí iná tí kò ju wáàtì 240 sí 290 lọ, tí ìrísí rẹ̀ sì lè má bá èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà mu. Ẹni tó bá ki káàdì RTX 3060, tó ń jẹ wáàtì 170, bọ inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé kò sí wáyà tí yóò fi bọ́ ọ. Káàdì GTX 1650 ti ọdún 2019, tí kò ju wáàtì 75 lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò nílò wáyà tirẹ̀ rárá, ni ó yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ewu mìíràn tún wà: ní ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ti Amẹ́ríkà wá, bọ́tìnì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ẹni tí kò bá tì í sí 230 kó tó fi okùn sí ògiri ní Àjàṣẹ́ yóò gbọ́ ìró kan, kò sì ní gbọ́ èkejì.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín ni géèmù tí wọ́n fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ gbá. GTA V, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2015, kò béèrè ju RAM gígábáìtì mẹ́jọ àti káàdì GTX 660 lọ kó tó ṣe dáadáa. eFootball sì ti di ọ̀fẹ́ láti 2021, ẹ̀rọ tí kò lágbára púpọ̀ náà sì ń gbé e. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá ará òkèèrè gbá géèmù yóò rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí Benin wà lára àwọn tí ìyà náà jẹ. Kò sí káàdì kan tó lè fi agbára rẹ̀ so okùn yẹn padà.

Àwọn kan wà ní Benin tí wọn kò bá ìjọ méjèèjì lọ. Ní Cotonou, ilé àjùmọ̀ṣe ẹ̀rọ tó ń jẹ́ BloLab ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti to kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Jerry: wọn a tú ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àlòkù, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a sì tò ó sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 20, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bidon, kí wọ́n tó fi ètò ọ̀fẹ́ Linux sí i. Jerry kò lè gbé géèmù ńlá, kò sì ní iná aláwọ̀ méje. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó ti fọwọ́ kan pátákó tó jó, ó ti mọ RAM tó kú yàtọ̀ sí èyí tó kàn dọ̀tí, ó sì ti fi ahọ́n àwọn tó ń ta ẹ̀rọ wé ohun tí ojú ara rẹ̀ rí. Àkísà tó ní, òun fúnra rẹ̀ ló lò ó gbó, ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ kò sì ní irú rẹ̀ fún títà.

Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ tí owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àlòkù ló tọ̀nà, pẹ̀lú káàdì tí àpótí iná rẹ̀ lè bọ́. Bí káàdì náà bá ju agbára àpótí iná lọ, kí ó wá kọ̀ǹpútà tó gba irú àpótí iná tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí ó ra àpótí iná náà ní tuntun, èyí tó ní orúkọ, kí ó sì ra onduleur tì í, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba iná sílẹ̀ tó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Títo ẹ̀rọ tuntun tọ́ sí ẹni tí ẹ̀rọ ń bọ́, bí ẹni tó ń ṣe fíìmù tàbí ẹni tó ń ya àwòrán ilé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi GPU-Z wo orúkọ káàdì rẹ̀, kí ẹ sì gbá géèmù lórí rẹ̀ fún ìdajì wákàtí níwájú rẹ̀. Bí ó bá ní iná kò sí, ẹ padà wá nígbà tí iná bá dé. Bí ó bá ní ẹnìkan mìíràn ti fẹ́ rà á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni náà.