Máàkì Ọgbọ́n

Akíntọ́lá Williams, ẹni tó kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Olówógbowó, tó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gboyè chartered accountant ní 1949, kò ṣàìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ kò lópin. Ohun tí ayé òde-òní wá fi kún un ni pé ẹ̀kọ́ tí kò ní sátífíkéètì, a kò kọ́ ọ. Bàbá àkáǹtáǹtì kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a-wo-ìwé-gbèsè-má-ṣẹ́jú, tó ń fi òfin owó-orí kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ rẹ̀, tí n kò ní dárúkọ, ka máàkì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún, òdo ni bàbá gbé relé, nítorí kò sẹ́ni tó fún un níwèé pé ó kọ́ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́, ẹni tó fọwọ́ síwèé láàárọ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Márínà, tó sì fọwọ́ rọrí títí ìrẹsì fi dé? Máàkì wákàtí mẹ́fà ni tirẹ̀, kò sì sí àbùlà níbẹ̀, wákàtí mẹ́fà gbáko ló fi sùn. Ọgbọ́n kò pin síbì kan lóòótọ́, àmọ́ ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pín sátífíkéètì. Bàbá ti sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tọdún yìí, ó sì ti gba Ìdúmọ̀tà lọ láti ra ìrọ̀rí.