Òǹtẹ̀ Ń Jẹ́rìí Òǹtẹ̀

Ìwé-ẹ̀rí Nàìjíríà kì í dá rìnrìn àjò; òǹtẹ̀ ló máa ń sìn ín lọ. Ẹni tó gboyè ní yunifásítì tó sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Dubai yóò gbé ìwé rẹ̀ lọ sí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè á jẹ́rìí sí ẹni tó lu ti àkọ́kọ́. Ẹ́ńbásì orílẹ̀-èdè tó ń lọ á wá jẹ́rìí sí ẹlẹ́rìí. Bí ìwé bá sì gúnlẹ̀ sí Dubai, wọ́n á tún lu tiwọn.

Ohun mẹ́ta péré ni òǹtẹ̀ ẹ́ńbásì ń jẹ́rìí sí: ìbúwọ́lù, ipò ẹni tó buwọ́ lù ú, àti èdìdì. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kò sí níbẹ̀. Bí ẹni ọdún 38 bá búra ní kóòtù pé ọdún 25 ni òun, òótọ́ ni pé ó búra, òótọ́ sì ni pé akọ̀wé kóòtù buwọ́ lù ú. Irọ́ náà á wá gbéra ní Ìkejà, á máa kó òǹtẹ̀ jọ lọ́nà bí olóyè tó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, kó tó dé Àbújá ó ti di ọlọ́lá.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàrà 1961, àwọn orílẹ̀-èdè kan fẹnu kò ní The Hague pé òǹtẹ̀ kan ti tó. Apostille ni wọ́n pè é: igun rẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 9, èdè Faransé sì ni àkọlé rẹ̀, ì báà jẹ́ Japan ni wọ́n ti lù ú. Òun náà kì í ka inú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kì í kà á. Ṣáínà wọ àdéhùn yìí ní 2023, Kánádà ní 2024. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Bó bá wọ̀ ọ́, kí ni àwọn tó ń báni sáré òǹtẹ̀, tí wọ́n ń dúró lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú fáìlì lábíyá, yóò máa jẹ?

Òǹtẹ̀ pàápàá ṣeé gbẹ́. Olúwọlé, ní Erékùṣù Èkó, gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí débi pé orúkọ ibẹ̀ làwọn èèyàn fi ń pe ìwé ayédèrú. Jámánì wò ó títí, ẹ́ńbásì wọn kò lu òǹtẹ̀ sí ìwé Nàìjíríà mọ́. Wọ́n ń rán ẹni tí wọ́n fọkàn tán lọ síbi tí ìwé ti jáde, kó lọ béèrè bóyá òótọ́ ni. Oníwèé ló ń san owó rẹ̀.