Gáàsì Ti Tán

Tòkunbọ̀ ni fíríìjì ilé wa. Ọjà Aláàbà ni mo ti rà á ní 2009. Ó ṣe dáadáa sí wa fún ọdún mẹ́wàá gbáko kó tó di pé òun àti ọ̀gá tó ń tún un ṣe jọ ń gba owó oṣù lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá yìí kì í tú ohunkóhun. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì, á mi orí, á ní, "Dádì, gáàsì ti tán." Ẹ gbà mí, ta ló ń lò ó? Inú páìpù tí wọ́n dí pa ni gáàsì ti ń yí po. Bí kò bá jò, kò yẹ kó dín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá wá ibi tó ti ń jò rí, kí ni yóò jẹ lóṣù tó ń bọ̀?

Lẹ́yìn ìgbà kẹta tó rọ gáàsì sí i, ó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti jóná, NEPA ló fà á. Láti 2005 ni NEPA ti kú o, ẹ̀sùn rẹ̀ ò tíì tán.

Mo bínú lọ wo tuntun ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n pe iye rẹ̀, mo bèèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ olùtajà, mo sì padà sílé.

Gàrí ni ìyàwó mi ń kó sínú fíríìjì wa báyìí. Èkúté ò rí i wọ̀. Bí ẹ bá mọ ọ̀gá mìíràn, ẹ bá mi rán an wá, kó sì mú ọṣẹ dání: ìfófòó ọṣẹ ló ń fi ibi tó ń jò hàn.