Lẹ́tà ṣíṣí sí àbúrò mi tó ń bu wúrà wọ́n èédú

Àbúrò mi, ọ̀mọ̀wé ìdílé wa,

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o ti Lomé dé sí Atakpamé nínú ọyẹ́? O fi ọṣẹ dúdú Ìyá Àgbà fọwọ́ tán, o jókòó, o ní gílísẹ́rìn ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ dá lé. Ìyá ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. O ní omi kan tó ki, tó dùn, tó ń yọ nígbà tí epo bá ń di ọṣẹ. Ìyá wo ìkòkò rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ: "Èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi para yẹn náà ni?" Mi ò tíì rí ọ̀mọ̀wé tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ ńlá ló ń da iyọ̀ sí ọṣẹ kí gílísẹ́rìn lè yà, kí wọ́n tà á lọ́tọ̀. Àdín àti omi eérú èèpo kòkó ni ti Ìyá. Kò yọ nǹkan kan kúrò.

Lo bá tún gbé ti wúrà dé. O ní ẹ ń bu wúrà wọ́n èédú, kí ọ́síjìn lè sọ gílísẹ́rìn di ásíìdì. "Wúrà! Lórí èédú!" Ìyá rò pé wọ́n ti ṣe ọ́ ni. Èmi ni mo gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, má gbàgbé. Mo ní alárinà ni wúrà yẹn: bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹba, kì í bá wọn wọlé. Mo ní èédú ni àtẹ rẹ̀. Bí àwọn aláta bá rọ́ jọ sójú kan lọ́jà, àwọn tó wà léteetí nìkan ni oníbàárà ń rí. Bí wọ́n bá tú ká, gbogbo wọn á tà. Ooru ló ń mú kí hóró wúrà tún rọ́ jọ, ìdọ̀tí inú gílísẹ́rìn tí wọn ò sẹ́ sì ń dí wọn lójú.

Ìyá gbà. Àmọ́ o tún fẹnu kó bá ara rẹ: o ní ní 2006, Galen Suppes ará Missouri gba ẹ̀bùn l'Amẹ́ríkà torí pé ó fi alárinà oníbàbà sọ gílísẹ́rìn di omi tí kì í jẹ́ kí omi inú mọ́tò di yìnyín. Òtútù Atakpamé wá tó bẹ́ẹ̀, àbí?

Ní ti gílísẹ́rìn, àwọn Jámánì ní ìṣòro tiwọn. Bí wọ́n bá fi epo ewébẹ̀ ṣe kílò 10 dísù, bíi kílò 1 gílísẹ́rìn ló ń kù sí wọn lọ́rùn, ni wọ́n ṣe ń wá ọkọ fún un kiri. Níbí ńkọ́? Lápálápá tí wọ́n pariwo pé a ó fi ṣe dísù, a ṣì fi ń sọ ọgbà ká ni. Ọmọ ta lo wá fẹ́ gbé níyàwó?

Ìyá ní bí èédú yẹn bá ṣiṣẹ́ tì, kí o má dà á nù. Kì í ṣe ọṣẹ ló fẹ́ fi ṣe o. Ó mọ alágbẹ̀dẹ wúrà kan lọ́jà.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.