Ẹfọ̀n Oníye Ẹ̀mí

Àbúrò mi obìnrin kò tíì dárí jì mí. Òun ló ṣe jagunjagun nídìí tábìlì wa ní Akpakpa, ó ra idà, ó ra asà, ó ra ẹ̀wù irin. Iṣẹ́ tí mo wá rí fún un kò ju pé kó dúró sẹ́yìn ẹfọ̀n, kó máa wòran.

Dungeons & Dragons leré náà, èyí tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Èmi ni olùdarí, àwọn yòókù ni akọni inú ìtàn, dáìsì olójú ogún ló ń dájọ́. A gbé ìtàn náà wá sí Dàhómì àtijọ́, torí ilé olódi àwọn òyìnbó kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọmọkùnrin kan láti Kétu, tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, mú druide, oníṣègùn igbó tó lè para dà di ẹranko. Ìwé ọdún 2014 la ń lò nígbà náà. Ìwé yẹn gba druide ẹgbẹ́ òṣùpá láyè, bó bá ti dé ipele kejì, kó di béárì tó ní àmì ẹ̀mí 34. Ta ló rí béárì rí nílẹ̀ Benin? Mo yọ béárì, mo fi ẹfọ̀n dípò rẹ̀, irú èyí tó ń jẹko ní Pendjari. Orí mi wú. Ta ni kò gbọ́ ìtàn obìnrin tó ń bọ́ awọ ẹfọ̀n sílẹ̀ kó tó wọ ọjà?

Ìṣirò ni mi ò ṣe. Àmì 17 lọmọ Kétu ní fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá pa ẹfọ̀n, ó padà di ènìyàn pẹ̀lú 17 rẹ̀, ó sì tún lè para dà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sinmi. Ẹ ro ó pọ̀: 85. Àbúrò mi tó wọ irin látòkè délẹ̀ ní 20. Èyí tó burú jù ni pé ìwé kọ ọ́ kedere pé bí ọgbẹ́ bá ju ẹ̀mí ẹranko lọ, ìyókù á wọ ara ènìyàn. Èmi fo ìlà yẹn. Ọmọ Kétu wá ń bọ́ ẹ̀mí bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù. Àwọn ọ̀tá tí mo ti ń kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ó ti fi ìwo gbá wọn dànù kí ìyá wa tó gbé àkàsà jáde.

Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n pàtẹ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà sí ààfin ààrẹ ní Kútọnu, mo sì kó gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣeré lọ wò ó. Ère ọba Béhanzin wà níbẹ̀, ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹja ekurá tó ń pani lókun. Ọmọ Kétu dúró níwájú rẹ̀, kò fẹ́ kúrò mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ọba nìkan ló lè di ekurá ni?"

Ìwé ti dá a lóhùn: kò sí ẹranko inú omi fún druide tí kò tíì dé ipele kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹnu ààfin la wà, ìfẹ́ ìlú ń gùn mí. Mo ní kó di ekurá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní etí Ganvié, ekurá fi ìrù gbá ọkọ̀ àwọn ọ̀tá lórí adágún Nokoué. Ó gbá ọkọ̀ tiwa náà. Ẹ̀wù irin fa àbúrò mi lọ sísàlẹ̀ omi. Ekurá lé ọ̀tá tó kù gòkè, inú mi dùn, torí inú omi nìkan ni ekurá ti lè mí.

"Èémí ti tán o," mo wí.

"Mo ti di ènìyàn, ẹ̀gbọ́n."

Mo wá padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Nínú ìtàn, ẹni tó bá jí awọ gbé ti mú obìnrin ẹfọ̀n lẹ́rú. Mo ṣòfin: druide gbọ́dọ̀ ní awọ, bí awọ bá sọnù, kò sí ìparadà. Mo ti ṣètò olè sílẹ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n olè kò rí nǹkan kan jí. Àbúrò mi ti gbé awọ sájà ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

"Ọdẹ ló jí i nínú ìtàn," ó ní. "Èmi náà, ọdẹ ni mí."

Owó ìtúsílẹ̀ la ná títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá wa, tó ń tajà ní Dantokpa tí kò sì mọ ojú dáìsì kan, fa àga sún mọ́ wa, ó dá iye lé awọ náà, ó gbè sẹ́yìn ọmọbìnrin rẹ̀ pátápátá. Dáìsì kò yí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Dírágónì mi sùn nínú ìwé.

Nígbà tí ìwé tuntun jáde ní 2024, mo rí i pé àwọn tó ni eré ti dí ihò náà fúnra wọn. Druide yóò máa lo ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú awọ ẹranko, ẹgbẹ́ òṣùpá á kàn rí ẹ̀bùn ìgbà díẹ̀ tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ipele rẹ̀. Ìyẹn mẹ́sàn-án fún ipele kẹta. Mo kà á sókè, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Kétu kò jiyàn. Ó ní òun ti dẹ́kun ìparadà. Òun á kàn máa fi ọfọ̀ pe ẹranko, gẹ́gẹ́ bí ìwé àtijọ́ ṣe gbà á láyè láti ipele karùn-ún. Mo ní kò burú, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé mélòó ló lè pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n."